Ìtọ́sọ́nà Fún Ṣíṣètò Ọjọ́ Ìfúnni-lẹ́bùn àti Ìdágbére ní Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ayẹyẹ méjì ni a máa ń so pọ̀ ní òpin ọdún ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìfúnni-lẹ́bùn, níbi tí a ti ń yẹ́ àwọn ọmọ tí iṣẹ́ wọn ta yọ sí. Èkejì ni ìdágbére fún àwọn tí wọ́n ti parí kíláàsì tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀bùn jẹ́ ti àwọn díẹ̀ tí a ṣà lára ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ìdágbére jẹ́ ti gbogbo ọmọ tí ń jáde, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gba ipò kìn-ín-ní lọ́dọọdún tàbí ẹni tí kò gba nǹkankan rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí a kò bá fara balẹ̀ ṣètò, ẹ̀bùn á gba gbogbo àkókò, ìdágbére á sì di orin kan ṣoṣo tí a sáré kọ nígbà tí àwọn òbí ti ń dìde. Lójú tèmi, ìdágbére ni ó yẹ kí ó ní ipò ọlá ní ọjọ́ náà. Kò yẹ kí ọmọ kankan tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lábẹ́ òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé a pe orúkọ rẹ̀ ketekete, kí a sì sọ ohun kan tó jẹ́ òtítọ́ nípa rẹ̀ létí gbogbo ènìyàn. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú: ìgbìmọ̀ àti ọjọ́

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé ní ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ. Ìgbìmọ̀ ènìyàn 5 ti tó: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tàbí igbákejì rẹ̀, olùkọ́ kíláàsì àwọn tí ń jáde, ẹni kan tí yóò máa tọ́jú owó, ẹni kan tí yóò mójú tó gbọ̀ngàn àti ẹ̀rọ, àti òbí kan. Lára àwọn 5 yìí, ẹ fi ẹni kan ṣoṣo ṣe alábòójútó ìwé orúkọ. Bí ènìyàn méjì bá ní ìwé orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́, ó dájú pé orúkọ ọmọ kan yóò bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ọmọ náà yóò fi jókòó síbẹ̀ tí a kò ní pè é.

Ní ti ọjọ́, ẹ má ṣe fi ayẹyẹ sí ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà. Ẹ fi ọjọ́ 2 tàbí 3 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọ tí àìsàn dá dúró sílé lè wá gba tirẹ̀, kí a sì lè tún ìwé ẹ̀rí tí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀ tẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ 10 ó kéré jù sáàárín ìgbà tí a ti máàkì pa àti ọjọ́ ayẹyẹ. Kí ẹ tó yan wákàtí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí bóyá àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó rọrùn fún wọn, nítorí pé ayẹyẹ tí òbí tó ń ṣiṣẹ́ kò lè wá ń dun ọmọ ju bí àgbàlagbà ṣe rò lọ. Ìwé ìkéde àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ilé ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, kí ìránnilétí sì tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ta ni yóò gba ẹ̀bùn, kí sì ni ẹ̀bùn náà wà fún?

Ibí yìí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ ti lo àkókò púpọ̀ jù. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde tó kan gbogbo ẹni tó ń pín ìwé ẹ̀rí fún ọmọdé. Àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n fẹ́ràn àti máa ya àwòrán ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ṣèlérí fún apá kan pé bí wọ́n bá ya àwòrán, wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí tó ní èdìdì aláwọ̀ wúrà àti rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n fún apá kejì ní irú ìwé ẹ̀rí kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á tán, láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Apá kẹta kò gba nǹkankan. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà wá wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ní àkókò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe ohun tó bá wù ú, àwọn tí a ti ṣèlérí fún ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ya àwòrán mọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí olùkọ́ máa fi ẹ̀bùn òpin ọdún ṣe ìjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí yóò máa wí pé «bí o bá kàwé, wà á gba ẹ̀bùn». Ẹ jẹ́ kí ọmọ kàwé nítorí ìwé, kí ẹ̀bùn wá bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ìwádìí kejì, tí Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé jáde ní ọdún 1998, kan ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ sórí ìwé ẹ̀rí. Àwọn ọmọ tí wọ́n yìn pé wọ́n ní ọpọlọ tètè sú nígbà tí iṣẹ́ tó le dé, àbájáde wọn sì burú ju ti àwọn tí wọ́n yìn pé wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ «Ọmọ Tó Ní Ọpọlọ Jù Lọ». Ẹ kọ ohun tí ọmọ náà ṣe: «Fún bí ó ṣe tún gbogbo ìṣirò tó ṣì ṣe títí tí ó fi yé e», tàbí «Fún ìròyìn tó kọ nípa odò, èyí tí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wádìí».

Ẹ̀bùn irú mẹ́ta ti tó. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bùn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan; èkejì ni ẹ̀bùn ìtẹ̀síwájú; ẹ̀kẹta ni ẹ̀bùn ìsìn sí ilé ẹ̀kọ́ àti ìwà sí ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ẹ̀bùn ìtẹ̀síwájú ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣírò rẹ̀, kì í ṣe kí a máa fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sáà àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sáà ìkẹyìn, kí ẹ sì yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ọmọ tó kúrò ní 41 dé 58 ti fi 17 kún un. Ẹni tó kúrò ní 88 dé 92 fi 4 kún un. Ẹni tó wà lókè kò ní àyè púpọ̀ láti gòkè sí i, nítorí náà ẹ̀bùn yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí àwọn ẹ̀bùn yòókù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

N kò fara mọ́ ẹ̀bùn fún ẹni tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Ó ń fìyà jẹ ọmọ tí àìsàn ṣe, ó sì ń mú kí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá kó àrùn ran àwọn yòókù. N kò sì fara mọ́ kí a máa dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ọmọ ọdún 10 mọ ẹ̀bùn tí a fi tù ú nínú yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ fún, ó sì máa ń dùn ún ju kí a má fún un rárá lọ. Ọ̀rọ̀ tí a ó sọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà ìdágbére ni yóò ṣe ohun tí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe.

Nígbà tí máàkì bá ti pé, kí olùkọ́ méjì ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú ìwé máàkì gan-an, kí wọ́n tó fi àbájáde wéra. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ tàbí ìbátan rẹ̀ wà nínú kíláàsì náà kò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn méjì yìí. Bí ọmọ méjì bá gba 87.5, àwọn méjèèjì ló wà ní ipò 1, ẹni tó tẹ̀lé wọn sì wà ní ipò 3. Ẹ má ṣe wá ẹ̀tàn kankan láti yà wọ́n. Ẹ ra ẹ̀bùn 3 tàbí 4 lé sí iye tí ẹ rò, nítorí irú èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún àkọsílẹ̀ náà kọ, kó má ṣe wà ní ti orúkọ ẹ̀bùn mọ́ bí kò ṣe ní ti orúkọ ọmọ. Ìgbà yìí ni ẹ ó rí i pé ọmọ kan ní ẹ̀bùn 6, tàbí pé gbogbo ẹ̀bùn kíláàsì kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó níwájú. Ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn púpọ̀, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ẹ má ṣe gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àmọ́ kò pọn dandan kó gòkè nígbà 6.

Orúkọ

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àṣìṣe tó ń dunni jù ní ọjọ́ yìí ni kí a pe orúkọ ọmọ ní àpètì níwájú àwọn òbí rẹ̀, a sì lè yẹra fún un pátápátá bí a bá ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, ẹ fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sílé, kí òbí kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i bó ṣe fẹ́ kó hàn lórí ìwé ẹ̀rí, pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ohun tí òbí kọ wé ohun tó wà nínú rẹ́jísítà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ pe òbí náà kí ọ̀rọ̀ tó di títẹ̀: ìwé ẹ̀rí tí ọmọ yóò mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míràn gbọ́dọ̀ bá ìwé ìbí rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni a lè pè lórí pèpéle bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí yóò ka orúkọ ní ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ lọ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ń jáde, kí ó ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ sókè, kí ó sì pè é tẹ̀lé e títí ọmọ náà yóò fi wí pé ó tọ̀nà. Kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ohùn ti ń lọ sókè àti ibi tí ó ti ń lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ọmọ kan. Nígbà tí ẹni tó ń tẹ ìwé ẹ̀rí bá fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹ wo ó lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, nítorí pé àwọn lẹ́tà oníkókó àti àmì ohùn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ́kọ́ máa ń gbé jù sílẹ̀ bí wọn kò bá sí nínú irú lẹ́tà tí wọ́n lò.

Ìwé ẹ̀rí, ẹ̀bùn àti owó

Ìwé A4, tí ó jẹ́ mìlímítà 210 sí 297, ni ó dára jù fún ìwé ẹ̀rí, nítorí pé ó bá ọ̀pọ̀ fáìlì àti férémù mu. Pépà lásán tí a fi ń tẹ lẹ́tà máa ń wọn gíráàmù 80 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ béèrè fún èyí tó wà láàárín 200 sí 300, kó má baà ká kò lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ tẹ 5 tí kò ní orúkọ lé e. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú bírò, kì í ṣe ní alẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí ayẹyẹ yóò wáyé.

Ìwé kíkà ni ẹ̀bùn tí mo dábàá, àmọ́ ìwé tí ẹni kan rò kó tó rà á. Kí olùkọ́ tó mọ ọmọ náà yan ìwé fún un: ìwé nípa kòkòrò fún ẹni tí ń kó kòkòrò sínú ìgò, ìtàn fún ẹni tí ń sọ ìtàn. Ẹ lẹ ìwé kékeré kan mọ́ inú èèpo iwájú, kí orúkọ ọmọ, ohun tí a torí rẹ̀ fún un, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti ọdún wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn ipò kan náà ní kíláàsì kan náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ní iye owó.

Owó kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ ó ná lórí títẹ ìwé, ìwé kíkà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àga àti omi mímu, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pamọ́ fún ohun tí a kò rò. Òbí kò gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀bùn ọmọ ara rẹ̀, ẹni tó bá sì dá owó kò gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn tó ra.

Ọ̀rọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ń jáde

Ní ọ̀sẹ̀ 5 ṣáájú, kí olùkọ́ kíláàsì tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbólóhùn kan nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ọkàn ayẹyẹ yìí. Kí gbólóhùn náà má ju ọ̀rọ̀ 25 sí 30 lọ, kí ó sì sọ ohun tí ọmọ náà máa ń ṣe, tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yóò gbọ́ tí yóò mi orí. «Ọmọ dáadáa ni» kò sọ nǹkankan nítorí pé ó bá gbogbo ọmọ mu. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí: «Òun ni ó kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì bí a ti ń so okùn bàtà, tí kò sì sú u.» «Nígbàkígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù, òun ni yóò gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá títí inú gbogbo wọn yóò fi rọ̀.» «Kò fẹ́ kàwé sókè nígbà tó dé, àmọ́ ní ọdún yìí òun ni ó ka ìkéde àárọ̀ fún gbogbo wa.»

Bí olùkọ́ bá jókòó tí kò rí ohun kan kọ nípa ọmọ kan, kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà kò ní nǹkankan. Ọmọ tó dákẹ́ ni, tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì balẹ̀ sí lára. Kí olùkọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àti lọ́wọ́ ọmọ tó jókòó tì í. Kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó dáadáa. Mo gbà pé ìdí yìí nìkan tó fún ilé ẹ̀kọ́ láti máa ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún.

Ẹ fi gbólóhùn náà han ọmọ kí a tó kà á síta. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1989, sọ ní abala 12 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó kàn án, kí a sì ka èrò náà sí. Ohun tí olùkọ́ rò pé ó dùn lè jẹ́ ohun tí ọmọ náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí mọ́. Bí ó bá ní kí a yí i padà, ẹ yí i padà.

Ipa tí àwọn ọmọ fúnra wọn yóò kó

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìdágbére lé olórí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lọ́wọ́. Ọmọ 3 tí ẹgbẹ́ wọn yàn, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 2 ní ohùn ara rẹ̀, máa ń wọni lára ju ọmọ kan tó ka ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ fún un lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn, kí olùkọ́ sì tún kìkì ohun tí kò yéni ṣe.

Gbígbé iṣẹ́ lé kíláàsì tó tẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ tún ṣe pàtàkì. Ẹni tó ti ń lu agogo gbé agogo lé ọmọ tí yóò máa lù ú lọ́wọ́. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú 4 lọ, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀ pé ó ti kàn wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń jáde ló ń bẹ̀rù ibi tí wọ́n ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ pe ọmọ kan tó jáde ní ọdún tó kọjá, kó wá sọ fún wọn ní kíláàsì, kì í ṣe lórí pèpéle, bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe rí àti ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀nà rú u lójú. Bí wọ́n bá ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìrántí ara wọn, kí olùkọ́ rí i pé ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì kà á kó tó lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó gba ìfarabalẹ̀. Bí ọmọ kan kò bá ní bá àwọn yòókù jáde, yálà nítorí pé yóò tún kíláàsì ṣe tàbí nítorí ìdí míràn, ẹ pe òun àti òbí rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ inú gbọ̀ngàn ni yóò ti mọ̀.

Àkókò

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ètò parí láàárín ìṣẹ́jú 90. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó tẹ ìwé ètò. Bí ọmọ bá ń ti orí àga rẹ̀ dìde lẹ́yìn tí a pè é, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 45 kó tó gba ẹ̀bùn rẹ̀ tán. Bí ọmọ 2 bá ti ń dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí a tó pè wọ́n, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ti tó. Fún ọmọ 60, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìṣẹ́jú 45 sí 20. Ọmọ tí ń jáde, tí a ó ka gbólóhùn rẹ̀, yóò gba bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Nítorí náà ọmọ 40 yóò gba ìṣẹ́jú bíi 27.

Ètò tí mo dábàá rèé: ìbẹ̀rẹ̀ àti orin, ìṣẹ́jú 5, ìròyìn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìṣẹ́jú 6, ẹ̀bùn gbogbo kíláàsì, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó kéré jù, ìṣẹ́jú 20, orin tàbí eré kúkurú, ìṣẹ́jú 7, ọ̀rọ̀ àlejò pàtàkì, ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ni ìdágbére, tí ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, gbígbé iṣẹ́ léni lọ́wọ́ àti pípe orúkọ, ìṣẹ́jú 40, kí ìdúpẹ́ sì gba ìṣẹ́jú 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 86. Ìdágbére ló gbẹ̀yìn nítorí pé bí ẹ̀bùn bá tẹ̀lé e, ọkàn àwọn ènìyàn yóò padà sórí ta ló gba kí ni. Ẹ kọ̀wé sí àlejò pàtàkì pé ìṣẹ́jú 5 ló ní, pé àwọn ọmọ ni yóò bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí wọn fún un.

Gbọ̀ngàn, tábìlì àti ìdánrawò

Kí àwọn tí ń jáde jókòó níwájú, ní ìtòtẹ̀lé bí a ó ṣe pè wọ́n. Kí wọ́n gòkè láti ẹ̀gbẹ́ kan pèpéle, kí wọ́n sì sọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ọmọ kan bá ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ọ̀pá, ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun nìkan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ gba tiwọn ní ilẹ̀ níwájú pèpéle. Gbogbo ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí láti inú, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àga sí ojú ọ̀nà.

Tábìlì ẹ̀bùn ni ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá. Ẹ to ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kíkà tó bá a lọ, ní ìtòtẹ̀lé bí a ó ṣe pè wọ́n, kí nọ́ńbà kékeré sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá nọ́ńbà orí ìwé orúkọ mu. Olùkọ́ kan yóò máa gbé e fún àlejò. Olùkọ́ kejì yóò mú ẹ̀dà ìwé orúkọ dání, yóò máa fagi lé orúkọ bí ọmọ ti ń gbà á. Bí ọmọ kan kò bá wá, kí ẹni kejì yìí mú ẹ̀bùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó jù ú sínú àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì, kí ẹni tó tẹ̀lé e má baà gba ìwé ẹ̀rí ẹlòmíràn. Nǹkan kékeré yìí ló ń gba gbogbo ìlà là.

Ẹ ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú pépà lásán dípò ìwé ẹ̀rí, kí àṣírí má baà tú. Ọmọ yóò bọ àlejò lọ́wọ́ ná, yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀bùn, yóò kọjú sí ayàwòrán fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì máa lọ. Ẹ dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò láti ìjókòó tó kẹ́yìn, kí ẹ sì ní èyí tó ń lo bátìrì nípamọ́ bí iná bá lọ.

Ní ọjọ́ náà

Ẹ ya fọ́tò gbogbo àwọn tí ń jáde kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè kó wọn jọ mọ́. Bí àlejò pàtàkì bá pẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Ẹ ti mọ ọmọ tí kò ní ní ẹnikẹ́ni níjokòó àwọn òbí. Ẹ yan olùkọ́ kan tàbí òṣìṣẹ́ kan fún ọmọ bẹ́ẹ̀, kó pàtẹ́wọ́ fún un, kó bá a ya fọ́tò, kó sì bá a jẹun. Kí ẹni náà mọ̀ ṣáájú, kí ọmọ náà má sì mọ̀ pé a yan án.

Kí atọ́kùn ètò má fi orúkọ tàbí ìrísí ọmọ kankan dápàárá. Bí a bá ṣi orúkọ kan pè, ẹ dúró, ẹ tún un pè bó ṣe tọ́ látòkè délẹ̀, kí ọmọ náà tó rìn. Bí a bá sì fún ọmọ kan ní ẹ̀bùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ fún ẹni tó ni í ní ọ̀kan lára èyí tó lé, kí ẹ sì yanjú ìyókù lẹ́yìn ayẹyẹ.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ ka máàkì síta, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lẹ ìwé àbájáde tó ní orúkọ mọ́ ara ògiri. Abala 16 nínú àdéhùn ọdún 1989 náà dá ẹ̀tọ́ ọmọ sí ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ mọ̀. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé kó tó di pé a gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ síta, kí ayàwòrán sì ní ìjókòó àwọn tí òbí wọn kò gbà lọ́wọ́ lórí ìwé. Ẹ má ṣe fi àmì kankan sára ọmọ.

Lẹ́yìn ayẹyẹ

Láàárín ọjọ́ 3, kí gbogbo ohun tó wà nínú àpótí abẹ́ tábìlì ti dé ọwọ́ àwọn tó ni ín, kí olùkọ́ kíláàsì wọn sì ka gbólóhùn tàbí ìdí ẹ̀bùn náà fún wọn níwájú ẹgbẹ́ wọn tó bá ṣì wà. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé orúkọ tí a ti fagi lé sínú fáìlì ọdún, nítorí pé òun ni ẹ̀rí ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbà. Ẹ gba ìwé yàrá ìkàwé tó kù lọ́wọ́ àwọn tó jáde, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n kúrò àti ibi tí wọ́n ń lọ sínú rẹ́jísítà.

Iṣẹ́ tó kù ni fífi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí: ìwé àbájáde, ìwé ìjẹ́rìí ìwà, àti ohun tó bá kan ìlera. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́, irú bí ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa tàbí tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú. Kí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n kọ ojú ìwé kan nípa ohun tó ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ń jókòó sí, àti bí a ṣe ń fún wọn ní iṣẹ́, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ wọn tuntun kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé.